Sábó: Ìtàn Orúkọ Kan Láti Kánò dé Ìbàdàn

Ẹni tó bá sọ fún ará Ìbàdàn pé òun ń lọ sí Sábó, àdúgbò àwọn Hausa nítòsí Mọ́kọ́lá ni onítọ̀hún yóò gbà pé ó ń lọ: ibi tí wọ́n ti ń ta súyà, tí wọ́n ti ń ṣẹ́ owó òkèèrè, tí Sèríkí wọn ń gbé. Bí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ará Kánò, ibòmíràn pátápátá ni. Sábó ti Kánò, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Sabon Gari ní kíkún, ni àdúgbò àwọn Yorùbá, Ìgbò, Ẹ̀dó, Ìjọ́ àti àwọn ará gúúsù mìíràn. Ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀ sí, ibẹ̀ ni ilé ọtí wà, ibẹ̀ ni ọkọ̀ Èkó àti ti Onitsha ti ń gbéra. Bí ọ̀rọ̀ kan náà ṣe wá di orúkọ ilé àwọn Hausa láàárín Yorùbá, tó sì tún jẹ́ orúkọ ilé Yorùbá láàárín Hausa, ni ohun tí ìtàn yìí fẹ́ sọ.

Hausa ló ni ọ̀rọ̀ náà. "Sabo" ni tuntun. Bí ó bá ṣáájú ọ̀rọ̀-orúkọ tó jẹ́ akọ nínú èdè wọn, wọ́n á fi n kún un, á di "sabon". Bí ọ̀rọ̀-orúkọ náà bá jẹ́ abo, á di "sabuwar". Ìdí nìyí tí ọ̀kan nínú àwọn ẹnubodè odi Kánò fi ń jẹ́ Sabuwar Ƙofa, ẹnubodè tuntun. "Gari" ni ìlú, bí wọ́n ṣe ń pè é ló sì yà á sọ́tọ̀ kúrò lára "gari" mìíràn tó jẹ́ ìyẹ̀fun. Wọ́n tún ní "sabo" tó túmọ̀ sí pé nǹkan ti mọ́ èèyàn lára, wọ́n sì ní "saɓo", tí wọ́n ń fi lẹ́tà b onígọ̀ńgọ́ kọ, èyí tí í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Méjèèjì kò kan orúkọ àdúgbò. Mo mẹ́nu bà wọ́n kí ẹni tó bá rí wọn nínú ìwé má baà fi ọ̀kan pe èkejì.

Kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó dé, kò sí ọ̀rọ̀ àjèjì tàbí onílẹ̀ nínú orúkọ yìí. Ìlú tàbí abúlé èyíkéyìí tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀dó ni wọ́n lè pè bẹ́ẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí Sabon Gari fi pọ̀ káàkiri ilẹ̀ Hausa, ní Nàìjíríà àti ní orílẹ̀-èdè Niger. Sabon Birni tó wà ní ìpínlẹ̀ Sokoto gba ọ̀nà kan náà. "Birni" ni ìlú olódi. Ní Kánò àtijọ́, àlejò tó bá fẹ́ jókòó ń rí àyè nínú odi. Àwọn Yorùbá oníṣòwò tẹ̀dó sí Ayagi, àwọn Nupe sí Tudun Nufawa, Fagge tó wà lẹ́yìn odi sì jẹ́ ibùdó àwọn oníràkúnmí tó ń ti aṣálẹ̀ bọ̀. Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ wọn, abẹ́ Ẹ́míà ni wọ́n wà, alkali kan náà, ìyẹn adájọ́ Mùsùlùmí, ló ń dá ẹjọ́ wọn, nígbà tí ìran bá sì ti gorí ìran, Hausa ni wọ́n ń sọ nílé. Ará Ayagi òde òní, ará Kánò ni.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Kánò ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1903, ṣùgbọ́n ojú irin ló yí ìlú náà padà ju ìbọn lọ. Ní 1911 ni rélùwéè tí John Eaglesome darí iṣẹ́ rẹ̀ láti Baro, létí odò Ọya, dé Kánò. Ní Minna ni ó ti pàdé ọ̀nà tó ń bọ̀ láti Èkó. Ẹ̀pà ń bá ọkọ̀ ojú irin sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí òkun, èèyàn sì ń bá a gòkè bọ̀: akọ̀wé, òṣìṣẹ́ rélùwéè, káfíńtà, télọ̀, òǹtàjà. Àwọn kan wá láti ilẹ̀ Yorùbá, àwọn kan láti ilẹ̀ Ìgbò, àwọn kan láti Gold Coast àti Sierra Leone. Wọ́n mọ̀wé, wọ́n ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, Kristẹni pọ̀ nínú wọn, ọ̀dọ̀ ìjọba tàbí ilé iṣẹ́ òyìnbó ni ọ̀pọ̀ ti ń gba owó oṣù. Irú àlejò yìí kò jọ àwọn ti Ayagi.

Ìjọba kò mọ ibi tí yóò fi wọ́n sí. Lugard, olórí ìjọba òyìnbó, ti ṣèlérí fún àwọn Ẹ́míà pé òun kò ní dí ẹ̀sìn wọn lọ́wọ́, nítorí náà kò fẹ́ kí ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ọtí wọ inú odi. Kò rọrùn fún un pẹ̀lú kí alkali máa dá ẹjọ́ akọ̀wé tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba òyìnbó. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì ní jẹ́ kí àwọn èèyàn náà bá òyìnbó gbé, torí ìlànà rẹ̀ ni pé kí ilẹ̀ òfìfo tó fẹ̀ tó 440 yáàdì wà láàárín ilé aláwọ̀ funfun àti ti aláwọ̀ dúdú; wọ́n ní nítorí ẹ̀fọn àti iná ni. Nínú ìwé ìjọba, orúkọ tí wọ́n fún irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ni native foreigner, ìyẹn ọmọ ilẹ̀ tó tún jẹ́ àjèjì. Kí òǹkàwé ro gbólóhùn yìí dáadáa. Nítorí pé ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀, kò lè bá òyìnbó gbé. Nítorí pé ó jẹ́ àjèjì, kò lè bá onílẹ̀ gbé. Orúkọ náà ti dá ẹjọ́ rẹ̀ tán kó tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin.

Ilẹ̀ tí wọ́n pín fún wọn lẹ́yìn odi, ní ìhà ibi tí rélùwéè gbà, ni Sabon Gari. Wọ́n la òpópónà rẹ̀ ní gígùn àti ní ìbú, wọ́n gé e sí pọ́lọ́ọ̀tì pọ́lọ́ọ̀tì. Nígbà tí òfin Township ti 1917 jáde, ìpínlẹ̀ ibùgbé wá di ohun tí òfin ń ṣọ́. Onílẹ̀ wà ní Birni; ará Àríwá tí kì í ṣe ọmọ Kánò wà ní Fagge àti Tudun Wada; òyìnbó wà ní Nassarawa; ará gúúsù wà ní Sabon Gari. Irú ètò yìí náà ni wọ́n ṣe ní Zaria, àwọn ìlú Àríwá mìíràn tí ojú irin àti òwò mú gbòòrò sì ní Sabon Gari tiwọn.

Ibi yìí ni ọ̀rọ̀ Hausa náà ti di ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn òyìnbó aláṣẹ kò tún rí i bí orúkọ ibì kan mọ́. Wọ́n sọ ọ́ di orúkọ irú àdúgbò kan. Wọ́n ń kọ sabon gari pẹ̀lú lẹ́tà kékeré, bí ó bá sì ju ọ̀kan lọ, wọ́n á fi s ti Gẹ̀ẹ́sì sí ìdí rẹ̀, á di sabon garis. Kò sí Hausa tó máa sọ bẹ́ẹ̀, torí "sababbin garuruwa" ni tiwọn. Láti ìgbà yìí lọ, "tuntun" kúrò nínú ìtumọ̀ rẹ̀. Àdúgbò náà lè pé ogún ọdún, ó lè pé ọgọ́rùn-ún ọdún, sabon gari ni yóò máa jẹ́, nítorí ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ ni ẹni tó ń gbé ibẹ̀: ẹni tí kì í ṣe onílẹ̀.

Orúkọ àwọn òpópónà Sabon Gari ṣì ń sọ irú àwọn tó kọ́kọ́ débẹ̀. Yoruba Road wà, Ibo Road wà, Enugu Road àti Niger Road wà. Gold Coast Street ń jẹ́ orúkọ tí orílẹ̀-èdè tó ni ín ti pa tì láti 1957. Aitken Road gba orúkọ òyìnbó, Church Road sì sọ ohun tí kò sí nínú odi. Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe pàtàkì nínú ìtàn àwọn Yorùbá ibẹ̀. Àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ tí ń kiri ilẹ̀ Àríwá ló gbé ìjọ Onítẹ̀bọmi dé ọ̀pọ̀ ìlú níbẹ̀ kí àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó tó rí àyè. Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá, Ọ̀fà, Ìlọrin, gbogbo wọn wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ ìlú wọn, tí ń bá ara wọn ṣe ìnáwó, tí ń sìnkú, tí ń yá ara wọn lówó òwò. Mùsùlùmí pọ̀ nínú àwọn Yorùbá wọ̀nyí, ipò tiwọn sì ṣòro ju ti àwọn yòókù lọ: ẹ̀sìn wọn bá ti onílẹ̀ mu, àdúgbò wọn kò bá a mu. Wọ́n kọ́ mọ́ṣáláṣí tiwọn sí Sabon Gari, wọ́n sì ń fi Yorùbá wáàsí nínú rẹ̀.

Ní 1940, ìjọba fa Sabon Gari lé Native Authority ti Kánò, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ abẹ́ Ẹ́míà, lọ́wọ́. Àwọn tí wọ́n ti kó kúrò lábẹ́ Ẹ́míà wá bá ara wọn lábẹ́ ìṣàkóso rẹ̀ padà, láìsí pé ẹnikẹ́ni yí orúkọ wọn kúrò ní àlejò.

Ọdún 1953 ni ìyapa tí wọ́n fi okùn wọ̀n sórí ilẹ̀ di ẹ̀jẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta, Anthony Enahoro ti ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group dá a lábàá ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Èkó pé kí Nàìjíríà gba òmìnira ní 1956. Àwọn aṣojú Àríwá kò fara mọ́ ọdún náà, àwọn èrò Èkó sì fi wọ́n ṣẹ̀sín lójú pópó. Ìbínú náà kò tíì rọ̀ nígbà tí Action Group múra àtiwá ṣe ìpàdé ní Kánò, tí Ládòkè Akíntọ́lá sì ń darí ètò rẹ̀. Ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún ni ìjà bẹ̀rẹ̀, ó sì gba ọjọ́ mẹ́rin, ní Sabon Gari àti Fagge. Èèyàn 36 ni ìjọba kà pé ó kú. Ẹgbẹ́ tí ọ̀pọ̀ Yorùbá wà nínú rẹ̀ ló fa ìbínú, ṣùgbọ́n àwọn Ìgbò ni ìjà náà dé bá jù, nítorí àwọn ló pọ̀ jù ní Sabon Gari nígbà náà. Ẹni tó bá wá jà ní àdúgbò bẹ́ẹ̀ kì í béèrè ẹgbẹ́ òṣèlú. Adírẹ́sì ti tó fún un.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1966 burú jù ú lọ. Ní oṣù Karùn-ún, àti lẹ́yìn náà ní oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá, wọ́n pa àwọn Ìgbò ní ọ̀pọ̀ ìlú Àríwá, Kánò náà wà lára wọn, àwọn tó yè sì sá lọ sí ìlà-oòrùn. Ilé wọn ní Sabon Gari ṣófo. Yorùbá àti àwọn mìíràn tí kò lọ ló bọ́ sí ọ̀pọ̀ ipò tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú òwò. Nígbà tí ogun abẹ́lé tó tẹ̀ lé e parí ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1970, àwọn tó padà sí Kánò rí ilé wọn gbà, ọ̀pọ̀ sì rí owó ilé tí wọ́n ti gbà pa mọ́ fún wọn. Ó yẹ kí ìtàn kọ èyí sílẹ̀ fún Kánò, torí ọ̀ràn ilé àwọn Ìgbò ní Port Harcourt kò rí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ará gúúsù ń kọ́ ilé sí Sabon Gari Kánò, àwọn Hausa náà ń kọ́ tiwọn sí ilẹ̀ Yorùbá. Ní 1916 ni wọ́n pín ilẹ̀ Sábó fún àwọn Hausa ní Ìbàdàn, létí ìlú ìgbà náà. Obì gbàǹja ló mú wọn wá. Ilẹ̀ Yorùbá ló ń so obì, Àríwá ló ń jẹ ẹ́. Màlúù wà ní Àríwá, àwọn ará gúúsù ló ń jẹ ẹran. Alágbàtà tí wọ́n ń pè ní maigida ló wà láàárín méjèèjì: ilé rẹ̀ ni oníṣòwò arìnrìn-àjò ń dé sí, òun ló ń bá a tajà, òun ló sì ń ṣe onídùúró fún un. Abner Cohen, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa àwùjọ, gbé láàárín wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ó sì tẹ ìwé jáde lórí wọn ní 1969. Ó ṣàlàyé bí àwọn ará Sábó ṣe fi ẹgbẹ́ Tijaniyya àti ìrun Jímọ̀ tiwọn ya ara wọn sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn Mùsùlùmí Ìbàdàn, kí òwò obì àti màlúù má baà bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ìyàtọ̀ kan wà níbí tí ọ̀pọ̀ ìwé kì í fi ojú sí. Ní Kánò, èdè onílẹ̀ ni orúkọ àdúgbò àlejò. Ní Ìbàdàn, àlejò ló gbé orúkọ náà dání wá nínú èdè tirẹ̀, onílẹ̀ sì gbà á, ó gé "gari" kúrò, ó sọ ìyókù ní ohùn Yorùbá. Èyí kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. "Sarki" ti àwọn Hausa ti di Sèríkí lẹ́nu wa tipẹ́, ó sì ti di oyè ogun ní Ìbàdàn kí Sábó tó dé ibẹ̀. Yorùbá kò rí ọ̀rọ̀ Hausa bí ohun àjèjì tó bẹ́ẹ̀.

Yàtọ̀ sí ti Ìbàdàn, Sábó di orúkọ tí a mọ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá: Sábó Ṣágámù níbi tí wọ́n ti ń di obì sínú ọkọ̀, Sábó Ilé-Ifẹ̀, Sábó Abẹ́òkúta, Sábó Oǹdó, Sábó Ìkòròdú. Ti Yábà ní Èkó ti yí padà débi pé ẹni tó bá sọ pé òun ń ṣiṣẹ́ ní Sábó lónìí lè jẹ́ ọmọ kọ̀ǹpútà. Òpópónà Herbert Macaulay níbẹ̀ ni Co-Creation Hub, ibùdó àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, wà. Ní Gánà, ọ̀rọ̀ "zongo", ibùdó àwọn oníṣòwò arìnrìn-àjò, ló gba ipò "gari". Sabon Zongo wà ní Accra títí dòní, Malam Bako ló dá a sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún. Yorùbá pọ̀ nínú àwọn zongo ilẹ̀ Gánà títí di ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia, olórí ìjọba Gánà, fún àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò.

Sábó ti ìhín àti ti ọ̀hún kò ṣàìmọ ohun tó ń ṣe ara wọn. Ní oṣù Keje ọdún 1999, Orò jáde ní Ṣágámù, wọ́n pa obìnrin Hausa kan tí wọ́n ní ó jáde lásìkò tí obìnrin kò gbọdọ̀ jáde. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín Yorùbá àti Hausa ìlú náà, ẹ̀mí púpọ̀ ṣòfò. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìròyìn náà àti àwọn tó sá àsálà ti dé Kánò, wọ́n sì kọ lu àwọn Yorùbá níbẹ̀, tí wọn kò mọ nǹkan kan nípa Orò Ṣágámù. Ní oṣù Kẹta ọdún 2017, ìjà mìíràn tún pa èèyàn ní Sábó Ilé-Ifẹ̀.

Òfin Ṣàríà tí Kánò kéde ní oṣù Kẹfà ọdún 2000, lábẹ́ gómìnà Rabiu Kwankwaso, tún fi ìtumọ̀ mìíràn kún orúkọ náà. Ọtí di èèwọ̀ ní ìpínlẹ̀ náà, ṣùgbọ́n àwọn hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé ọtí Sabon Gari kò tán. Ìgbà púpọ̀ ni àwọn Hisbah, ọlọ́pàá Ṣàríà, ti gba ọtí, tí wọ́n sì fọ́ ìgò rẹ̀ ní gbangba. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Kánò, Sabon Gari wá di orúkọ fún ibi tí èèyàn ti lè ṣe ohun tí kò lè ṣe nílé. Èyí kò tọ́ sí àwọn tó ń gbé ibẹ̀, nítorí ìdílé, ilé ìwé, mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn tó wá fi bọ́ǹbù pa wọ́n kò sì wo ẹni tí wọ́n jẹ́: ní ibùdókọ̀ New Road ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún 2013, ní agbègbè Enugu Road ní oṣù Keje ọdún náà, àti ní Gold Coast Street ní oṣù Karùn-ún ọdún 2014. Ará Àríwá àti ará gúúsù ló kú.

Ọjà Sabon Gari, tí wọ́n ti fi orúkọ gómìnà àtijọ́ Abubakar Rimi pè, fi hàn pé orúkọ lè wà kí ohun tó ń sọ má sí mọ́. Hausa, Yorùbá, Ìgbò àti àwọn mìíràn ló ní ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀. Hausa ni èdè ìdúnàádúrà, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí síbẹ̀ sì ń sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n bí nínú odi.

Síbẹ̀, bí ọmọ bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ wọ ilé ìwé gíga tàbí iṣẹ́ ìjọba, wọ́n á béèrè ìwé ẹ̀rí ìlú rẹ̀. Wọ́n lè bí bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀ sí Yoruba Road. Ìjọba ìbílẹ̀ kan ní Ọ̀yọ́ tàbí Kwara ni yóò ti lọ gba ìwé náà. Orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà ń pè é lónìí ni non-indigene, ẹni tí kì í ṣe ọmọ onílẹ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020, ìwé atúmọ̀ èdè Oxford fi ọ̀rọ̀ yìí sára àwọn ọ̀rọ̀ Nàìjíríà tuntun tó gbà wọlé, pẹ̀lú okada, danfo, buka àti Kannywood. Lójú tèmi, ọmọ bíbí inú native foreigner ni. Àwọn òyìnbó tó kọ ti àkọ́kọ́ ti lọ. Àwa fúnra wa ni a kọ èkejì, tí a sì ń lò ó mọ́ ara wa, ní Kánò àti ní Ìbàdàn bákan náà.

Púpọ̀ nínú ìtàn yìí kò tíì wọ inú ìwé. Fáìlì ìjọba ìgbà náà wà ní ilé ìkówèésí-pamọ́ ti orílẹ̀-èdè ní Kaduna, ṣùgbọ́n ohun tí òyìnbó rí ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ìwé pọ́lọ́ọ̀tì, ìwé àkọsílẹ̀ ìrìbọmi, ìwé ìṣirò ẹgbẹ́ ìlú àti fọ́tò tó wà nínú àpótí àwọn ìdílé Sabon Gari ló kù. Ẹ̀yin tí bàbá yín gbé ibẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ikán jẹ wọ́n. Ẹ jókòó ti àwọn àgbà tó kù, Yorùbá ní Kánò àti Hausa ní Sábó ilẹ̀ wa, kí ẹ sì gba ohùn wọn sílẹ̀ ní èdè tí wọ́n bá fi sọ ọ́.